Omi Ẹ̀rọ Tí À Ń Mu: Kí Ló Wà Nínú Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò dá lórí oògùn kankan. Omi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, omi tí ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ nínú ilé wa, tí a ń bù fún ọmọ mu láìbéèrè ibi tó ti wá. Ọ̀pọ̀ baálé ilé àti ìyá ọmọ ló máa ń bi mí pé, "Ṣé omi ẹ̀rọ wa dára fún mímu?" Èmi kì í dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni èmi náà máa ń bi wọ́n: níbo ni omi náà ti ṣẹ̀ wá, kí ni wọ́n ṣe sí i, inú kí ló sì sùn sí kó tó dé ẹnu yín? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ ohun tí ó ń mu. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí ó jọ̀wọ́ fara balẹ̀ kà á dé òpin.

ẸNU Ọ̀NÀ NI Ẹ̀RỌ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé omi tó bá ti gba ẹnu ẹ̀rọ jáde ti di omi mímọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kì í fọ omi. Ẹnu ọ̀nà lásán ni. Ohun tó bá wọ inú páìpù lókè lọ́hùn-ún ni yóò bọ́ sínú ife yín níhìn-ín.

Nígbà tí àwọn bàbá wa bá ń sọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ, omi ìjọba ni wọ́n ń sọ. Ìjù ni ìjọba àwọn òyìnbó kọ́ ilé iṣẹ́ omi sí fún Èkó ní 1910. Kí wọ́n tó kọ́ ọ, ní 1908, àwọn ará Èkó ti yarí pé àwọn kò ní san owó omi, nítorí pé kànga wà lẹ́yìnkùlé àwọn. Ìjà owó omi náà tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1916. N kò bá wọn wí. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ tí a ṣe sí omi kò lè mọ ìdí tí a fi ń gba owó rẹ̀.

Iṣẹ́ náà nìyí. Wọ́n á kọ́kọ́ fa omi láti inú odò. Wọ́n á da álọ́ọ̀mù sí i, kí ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ara wọn, kí wọ́n sì rọ̀ sísàlẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí omi náà ṣẹ́ gba inú iyanrìn kọjá. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi kilorín sí i, tí yóò pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ṣẹ́ kù, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò sì máa ṣọ́ omi náà nínú páìpù títí dé ilé. Ìlú Jersey City ni ó kọ́kọ́ ń fi kilorín sí omi ìlú lójoojúmọ́ ní Amẹ́ríkà, ní 1908 kan náà tí àwọn ará Èkó ń jà sí owó omi. Láti ìgbà náà ni ibà táífọ́ọ̀dù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ní àwọn ìlú tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá dé Ìkóríta ńlá Ṣàgámù, tí gbogbo awakọ̀ ń pè ní Íntáṣéènjì. Ibẹ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ àti Benin. Láti ìgbà tí ọ̀nà ti là, ilé ti ń hù níbẹ̀ bí olú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́lé lágbègbè náà kì í dúró de páìpù ìjọba. Yóò gbẹ́ kànga, tàbí kí ó pe àwọn tí ń lu bọ́ọ̀hóòlù. Yóò ra ẹ̀rọ tí ń fa omi, yóò gbé tánkì dúdú kalẹ̀ lókè, yóò sì fa páìpù wọ ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Nígbà tí àlejò bá yí ẹnu ẹ̀rọ náà, omi á tú jáde wàà, yóò sì dà bí omi ìjọba. Ṣùgbọ́n kò sí álọ́ọ̀mù, kò sí iyanrìn, kò sí kilorín. Omi kànga ni, ẹ̀rọ ló kàn gbà jáde.

OHUN TÍ OJÚ RÍ

Bí mo bá ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ omi ní Rẹ́mọ, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n máa ń fi sùn. Wọ́n á ní ọṣẹ kì í hó nínú omi àwọn, àti pé nǹkan funfun máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù. Òótọ́ ni. Òkúta ẹfun pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ Ṣàgámù. Òun ni wọ́n ń wà fún sìmẹ́ńtì ní ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1978. Omi tó bá gba àárín òkúta yìí kọjá máa ń gbé èròjà rẹ̀ dání, kálísíọ̀mù ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìlànà omi mímu ti ilẹ̀ Nàìjíríà, tí àjọ SON gbé jáde ní 2007 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2015, ní kí irú èròjà bẹ́ẹ̀ má ju 150 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi òdiwọ̀n kankan lé e nítorí ìlera. Ó ń jẹ ọṣẹ, ó ń ba kẹ́tù jẹ́, àmọ́ kì í pa ọmọ.

Àwọn mìíràn á ní omi àwọn pọ́n, ó sì ń pa aṣọ funfun láró. Irin ló wà nínú rẹ̀, yálà láti inú ilẹ̀ tàbí láti ara páìpù tó ti dípẹtà. Bí irin bá ju ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́wàá mílígíráàmù lọ nínú lítà kan, ahọ́n àti aṣọ yóò mọ̀ ọ́n. Adùn àti àwọ̀ omi ni wọ́n rò tí wọ́n fi gbé òdiwọ̀n yìí kalẹ̀, kì í ṣe májèlé.

Àwọn kan á ní omi àwọn funfun bí wàrà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ bù ú sínú ife, kí ẹ sì máa wò ó. Bí ó bá mọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, afẹ́fẹ́ lásán ni. Ní ti àwọn tí ń gba omi ìjọba, wọ́n á ní ó ń rùn bíi bílíìṣì. Kilorín ni, òórùn rẹ̀ ló sì ń sọ fún yín pé olùṣọ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ gbé omi náà sílẹ̀ nínú ohun èlò tó ní ìdérí fún wákàtí díẹ̀, òórùn náà yóò lọ sílẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ KÒ RÍ

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ohun tí ń pani nínú omi kì í sábà ní àwọ̀, kì í rùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ba adùn omi jẹ́.

Ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì jà ní òpópó Broad Street ní Lọ́ńdọ̀nù. Kànga ẹlẹ́rọ kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn fẹ́ràn omi rẹ̀ púpọ̀. Opó kan tó ti kó lọ sí Hampstead, tó jìnnà sí ibẹ̀, fẹ́ràn adùn omi náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ní kí wọ́n máa gbé e wá fún òun. Ó mu ún, onígbáméjì sì pa á, nígbà tí kò sí àrùn náà ní àdúgbò rẹ̀. Dókítà John Snow ló fi ikú rẹ̀ àti ti àwọn mìíràn tọ́ka sí kànga náà. Nígbà tí wọ́n tú ilẹ̀ wò, kòtò ẹ̀gbin ilé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga náà, kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí i.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ayé àtijọ́ nìkan ni. Mo dé ilé kan tí kò jìnnà sí Íntáṣéènjì. Ìyàwó ilé kan pè mí pé, "Bàbá, ẹ bá mi wo omi wa. Ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Omi ilé kejì ni mo ń pọn fún àwọn ọmọ, ó mọ́ gaara, ó sì dùn."

Mo bi í pé, "Ìyàwó mi, ṣé ara àwọn ọmọ le?"

Ó ní, "Èyí àbíkẹ́yìn ló ń yàgbẹ́ gbuuru, Bàbá. Ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹta láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní eyín ló ń hù."

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ jẹ́ kí n dúró níbí sọ ọ́: eyín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ìgbà tí eyín ń hù náà ni ọmọ ń rá kòrò, tí ó ń ki ohun gbogbo bọ ẹnu, tí ó sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Ohun tó wọ ẹnu ni ẹ wò, ẹ fi eyín sílẹ̀.

Mo bá a lọ sí ilé kejì. Ẹ̀rọ dídán ló wà nínú ọgbà, ṣùgbọ́n kànga tí kò jìn ni ó ń fa omi rẹ̀. Mo ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu kànga dé sókàwéè, ìyẹn kòtò tí omi ìgbọ̀nsẹ̀ ilé náà ń rì sí. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ péré ni. A bu omi ilé méjèèjì lọ fún àyẹ̀wò. Omi bọ́ọ̀hóòlù tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ kò ní kòkòrò ìgbẹ́. Èyí tó mọ́ gaara, tó dùn, ni wọ́n bá a nínú rẹ̀. Obìnrin yìí ti sá fún omi tí kò ṣe é ní nǹkan, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu àìsàn fún ọmọ.

Kòkòrò tí àwọn aláyẹ̀wò ń wá ni a ń pè ní E. coli. Inú ìfun ènìyàn àti ẹran ló ń gbé. Bí a bá ti rí i nínú omi, ìgbẹ́ ti kan omi náà nìyẹn, onígbáméjì, táífọ́ọ̀dù àti ìgbẹ́ ọ̀rìn sì lè gba ọ̀nà kan náà wọlé. Ìlànà orílẹ̀-èdè wa kò fàyè gba ẹyọ kan ṣoṣo nínú 100 mílílítà omi, tí kò tó ìdajì ife.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀gbin sábà ń gbà dé ẹnu ẹ̀rọ. Èkíní ni sókàwéè tó sún mọ́ kànga. Ó yẹ kí àárín wọn tó 30 mítà, ìyẹn bíi 100 ẹsẹ̀ bàtà. Ní ilẹ̀ olókùúta ẹfun, ó tọ́ kí á ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ máa ń ní ihò àti ọ̀nà tóóró nínú, omi ẹlẹ́gbin sì lè gba ibẹ̀ sáré jìnnà láìjẹ́ pé ilẹ̀ sẹ́ ẹ.

Èkejì ni páìpù. Bí omi ìjọba bá dá, páìpù á ṣófo. Bí ó bá ti lu, tí ó sì gba inú gọ́tà kọjá, omi gọ́tà yóò wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí omi tó kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́ fi máa ń dọ̀tí. Ẹ dà á sí ọgbà, ẹ má mu ún.

Ẹ̀kẹta ni tánkì. Mo ti gun àkàbà wo tánkì tí ìdérí rẹ̀ ti fò lọ nínú ìjì, tí òkú alángbá sì wà nínú rẹ̀, tí àwọn ará ilé ń mu omi rẹ̀ tí wọ́n ń dúpẹ́ pé omi àwọn kì í dá. Nígbà kan rí, wolé-wolé á wọlé, á ṣí àmù wò, á wá tanwíji nínú rẹ̀. Tánkì ni àmù ayé òde òní, àwa fúnra wa ló sì yẹ kí á jẹ́ wolé-wolé rẹ̀.

Ewu náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rù lásán. Onígbáméjì wọ Nàìjíríà ní ìparí 1970, ó sì tàn káàkiri ní 1971. Ní 1991, ó pa ju 7,000 ènìyàn lọ. Ní 2021, ó tún pa ju 3,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní June 2024. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo sòbìà. Ní ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní 1987 sí 1988, àwọn tó ní sòbìà ní Nàìjíríà lé ní 600,000. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tí ń wò ó. Omi tó dára, aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi adágún, àti dídènà kí ẹlẹ́sòbìà má wọ inú omi mímu ni wọ́n fi lé e lọ. Ẹni ìkẹyìn tó ní i ní Nàìjíríà, 2008 ni, nígbà tó sì di 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Bí a bá tún omi ṣe, àrùn ń lọ.

OHUN TÍ INÁ KÒ LÈ PA

Sísè omi ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí iná kò lè mú kúrò. Òjé jẹ́ ọ̀kan. Ìwọ̀n díẹ̀ nínú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ìlànà wa kò sì gbà ju ìdá kan nínú 100 mílígíráàmù lọ nínú lítà omi kan. Ní 2025, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òjé wà lára àwọn kan tí ń gbé nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ bátìrì àlòkù ní Ògìjo, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù. Eruku àti erùpẹ̀ ni wàhálà ibẹ̀ ju omi lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ bá sún mọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbé igbá sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ láti gbe omi òjò mímu, nítorí orí òrùlé ni eruku ń bà sí.

Náítíréètì ni èkejì. Láti inú ṣáláńgá àti ajílẹ̀ ló ti ń wọ kànga. Bí ó bá ju 50 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan, ó léwu fún ọmọ ọwọ́ tí a ń fi omi po oúnjẹ fún. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ bó ti yẹ. Bí a bá sè é, ṣe ni yóò tún ki sí i. Ọmú ìyá nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ààbò tó dára jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni epo bẹntiróòlù, tí ó yẹ kí àwọn tí ń gbé nítòsí ilé epo ní Íntáṣéènjì fi sọ́kàn. Ní Bàrúwà ní Èkó, epo tó jò láti ara páìpù abẹ́ ilẹ̀ tí ń gbé e lọ sí Mosimi, ní ẹ̀bá Ṣàgámù, wọ inú kànga àwọn ará àdúgbò ní àwọn ọdún 1990, ó sì bà wọ́n jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí omi yín bá ń rùn bí epo, ẹ má mu ún, ẹ má fi se oúnjẹ, ẹ má sì gbé e ka iná rárá.

OHUN TÓ YẸ KÍ Á ṢE

1. Ẹ ka ìṣísẹ̀ láti kànga dé sókàwéè tiyín àti ti aládùúgbò. Bí ó bá sún mọ́ra, ẹ má mu omi náà láìsè é.

2. Ẹ de tánkì dáadáa. Ẹ gbọn omi inú rẹ̀ dànù, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

3. Omi tí ẹ kò bá dá lójú, ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì sè é títí yóò fi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan. Mo mọ̀ pé gáàsì wọ́n. Kì í ṣe omi ìwẹ̀ ni mo ní kí ẹ sè. Omi mímu, omi tí a fi ń fọ eyín, àti èyí tí a fi ń ṣan èso àti ewébẹ̀ tí a ó jẹ ní tútù nìkan ni.

4. Álọ́ọ̀mù ń mú omi mọ́ lójú, kì í pa kòkòrò. Bí ẹ kò bá lè sè é, ẹ ra oògùn kilorín tí wọ́n ṣe fún omi mímu. Ẹ lò ó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́ sára rẹ̀, kí ẹ sì dúró fún 30 ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu omi náà.

5. Ẹ tọ́jú omi tó ti mọ́ sínú ohun tó ní ìdérí, tí ọwọ́ kò lè wọ̀. Omi tí a sè ní àárọ̀ tí ọmọ wá ti ọwọ́ bọ̀ ní ọ̀sán ti padà di omi kànga.

6. Bí ẹ bá ra omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ ní Íntáṣéènjì, ẹ wo nọ́mbà NAFDAC lára rẹ̀, ẹ sì fi èyí tó ti pẹ́ nínú oòrùn sílẹ̀.

7. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò omi yín lọ́dọọdún, pàápàá lẹ́yìn tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àyíká ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dáwó jọ, ṣùgbọ́n kànga kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n yẹ̀ wò lọ́tọ̀. Bí omi bọ́ọ̀hóòlù obìnrin yẹn ti mọ́, kò fi hàn pé ti ilé mìíràn mọ́.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ti mú ọmọ, ẹ má dúró de àyẹ̀wò omi. Ẹ fún un ní omi ORS lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí a tẹ́ ojú wọn, mọ́ lítà kan omi mímọ́. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò tọ̀ mọ́, tí ó ń bì lemọ́lemọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní wàrà-ǹ-ṣeṣà.

Àwọn àgbà wa sọ pé kí sòbìà tó degbò, olúgánbe là á ké sí. Ẹ gun òkè wo tánkì yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì ka ìṣísẹ̀ yẹn. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.